Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI TI Ọ̀NÀ: Ta Ni Ó Mu Omi Bíréèkì?

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí kò sí ẹni tí kì í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀mí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn kò sì kéré sí ẹ̀mí ẹni tí ń wa ọkọ̀.

Àwọn tí ó mọ ilé wa mọ̀ pé ó ti lé ní ọdún kan tí a ti fi ọkọ̀ tí ń mu bẹntiróòlù sílẹ̀, tí a sì ra ọkọ̀ oníná mọ̀nàmọ́ná, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì kankan, bí kò ṣe bátìrì ńlá kan tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ẹlòmíràn ti lò ó kí ó tó dé ọwọ́ wa. Láti ìgbà náà ni a kò ti tò ní ilé epo mọ́, èyí sì mú kí a máa yangàn díẹ̀. A máa ń wí fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé ọkọ̀ wa kò ní pílọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí à ń pààrọ̀, kò rú èéfín, àti pé bíréèkì rẹ̀ pàápàá kì í tètè jẹ. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a kò bá mọ̀ dé ìdí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, bí ẹ ó ti rí i nísinsìnyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a ń múra láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, ìrìn tí ó lé ní 70 kìlómítà, níbi tí àbúrò wa ti fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyá wa, ẹni tí ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, ń bá wa lọ. Òun ni wọ́n ń retí pé kí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ti wọṣọ tán, wọ́n sì ti jókòó sínú ọkọ̀. Ní òru ọjọ́ náà ni a ti fi iná kún bátìrì dé ẹnu, kí a má baà ṣẹ́kù sí ọ̀nà. Bí a ti tẹ bọ́tìnì tí ọkọ̀ fi ń jí, iná pupa kan tàn níwájú wa: òbìrìkìtì kékeré tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀, tí ìlà títẹ̀ méjì sì há a mọ́ ní ọ̀tún àti ní òsì.

A kọ́kọ́ rò pé bíréèkì ọwọ́ ni a kò tú, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ iná kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. A tú u, iná náà kò kú. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan jáde lójú ọkọ̀ tí ó sọ fún wa pé omi bíréèkì ti lọ sílẹ̀. A wá rántí pé a ti rí iná yìí rí ní ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Mápó. Ó tàn bí a ti ń yí kọ́nà, ó sì kú nígbà tí a dé ilẹ̀ títẹ́jú. Iná tí ó tàn tí ó tún kú, a kò kà á sí. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ìgò omi bíréèkì kan wà nílé wa, ààbọ̀ ni ó kù nínú rẹ̀ láti ìgbà ọkọ̀ àtijọ́. A ní kí ìyàwó wa bá wa mú un wá. A ṣí iwájú ọkọ̀, a rí ìkòkò ike kékeré tí omi náà ń gbé, ní tòótọ́ ni omi ti kọjá sí ìsàlẹ̀ ìlà tí wọ́n kọ MIN sí. A ti dé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀ nígbà tí ohùn kan pè wá láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Bàbá àgbà kan tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà, nítorí pé ó wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì.

“Bàbá Dèjì, dúró ná. Kí ni o fẹ́ dà síbẹ̀ yẹn?”

“Omi bíréèkì ni, Bàbá. Ó dín díẹ̀ ni. Bí a bá ti rọ ọ́ kún, a ó máa lọ.”

“Èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ta ni ó mu ún?”

A rẹ́rìn-ín. A ní, “Ọkọ̀ ni ó lò ó, Bàbá.”

Bàbá mi orí. Ó ní, “Ọkọ̀ ẹlòmíràn a máa mu bẹntiróòlù, tìrẹ a máa mu iná. Ọkọ̀ kankan kò sí tí ń mu omi bíréèkì. Bí ó bá dín, ibì kan ni ó lọ. Wá ibẹ̀ rí ná kí o tó rọ òmíràn.”

Ẹ jẹ́ kí a dá ìtàn yìí dúró níhìn-ín, kí a lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ Bàbá fi jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, omi ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dé ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi kì í ṣe ohun tí a lè há mọ́ra kí ó kéré. Bí a bá tì í ní ìhín, yóò ti ohun tí ó wà ní ọ̀hún. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1623, tí ó sì kú ní 1662, ni ó ṣàlàyé pé agbára tí a bá fi ti omi tí a sé mọ́ yóò tàn dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Láti nǹkan bí 1921 ni wọ́n ti ń ta ọkọ̀ Duesenberg ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú irú bíréèkì olómi bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlànà kan náà ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ oníná títí di òní. Ẹsẹ̀ tẹ omi, omi ti písítìnì, písítìnì ti páàdì, páàdì sì fún irin pẹrẹsẹ bí àwo tí wọ́n ń pè ní dísìkì, ọkọ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò rí bí omi. A lè há a mọ́ra. Bí omi bá dín tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi wọ inú páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn máa há afẹ́fẹ́ mọ́ra lásán ni, bíréèkì yóò rọ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, ọkọ̀ yóò sì máa lọ.

Bíréèkì fúlúùdù ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe omi yìí, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní ọ́ìlì bíréèkì. Orúkọ kejì yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ìkòkò náà, àwọn rọ́bà inú bíréèkì yóò wú, wọn yóò sì bàjẹ́.

Ohun méjì pàtàkì ni ó ń mú kí omi náà lọ sílẹ̀. Èkíní ni pé bí páàdì bá ti ń jẹ, písítìnì yóò máa sún síwájú láti bá a, omi yóò sì tẹ̀lé písítìnì lọ dí àyè tí ó fi sílẹ̀. Nígbà náà omi kò sọnù. Ó kàn ṣí ipò padà ni. Èkejì ni jíjò. Níbẹ̀ ni omi ti jáde kúrò nínú ọkọ̀ tí kò sì ní padà wá mọ́.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọkọ̀ oníná gbé yàtọ̀. Nínú ọkọ̀ oníná, bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí a fi ń sáré, ẹ̀rọ tí ó ti ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yí padà di ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni yóò máa yí i, òun yóò sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Iṣẹ́ yìí ni ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí páàdì tó kan dísìkì rárá. Ìdí nìyí tí páàdì ọkọ̀ oníná fi máa ń pẹ́ ju ti ọkọ̀ bẹntiróòlù lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó síwájú sí i: bí páàdì kì í bá tètè jẹ, a jẹ́ pé omi kò ní àwáwí púpọ̀ tí yóò fi lọ sílẹ̀. Ohun tí a lè fi ojú fífo wò nínú ọkọ̀ mìíràn pé páàdì ni ó jẹ, nínú ọkọ̀ oníná ó yẹ kí ó tètè mú ọkàn wa lọ sí jíjò.

Nǹkan mìíràn sì tún wà. Àgbàrá tí ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn yìí kì í wà ní gbogbo ìgbà. Bí bátìrì bá ti kún dé ẹnu, kò sí àyè tí iná tí ń padà bọ̀ yóò wọ̀, nítorí náà ọkọ̀ yóò dín in kù, bíréèkì olómi ni yóò sì máa ṣe iṣẹ́ náà. Bátìrì wa kún dé ẹnu ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bákan náà, bí ọmọ ẹnì kan bá sáré já sí ojú ọ̀nà lójijì, kì í ṣe iná ni yóò dá ọkọ̀ dúró ní wàràwàrà, bí kò ṣe omi, písítìnì àti páàdì. Ohun tí a kì í sábà lò lójoojúmọ́ ni ẹ̀mí yóò rọ̀ mọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn wa. A wí fún Bàbá pé àkókò ti ń lọ. Ó ní kí a mú páálí pẹlẹbẹ kan wá, kí a tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọkọ̀, kí a sì tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ nígbà bí mélòó kan. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé táyà ẹ̀yìn ti apá òsì, ó pè wá. Inú táyà náà tutù, ó ń dán, bí ẹni pé a fi òróró ẹ̀pà pa á, ẹ̀kán méjì sì ti kán sórí páálí. A fi ìka kàn án, ó ń yọ̀.

Bàbá wò wá, ó ní, “Òun nìyí. Òun ni ó ń mu ún.” Lẹ́yìn náà ó gba ìgò ààbọ̀ náà lọ́wọ́ ìyàwó wa, ó yí i wò, ó sì béèrè ìgbà tí a ti ṣí i. Nígbà tí a sọ fún un pé ó ti lé ní ọdún kan, ó ní kí a má ṣe da èyí sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Òtítọ́ ni a óò sọ: kì í ṣe ìdùnnú ni ó kọ́kọ́ wọ inú wa. Ìbínú ni. Àwọn àlejò ti ń péjọ ní Abẹ́òkúta; àbúrò wa ti pè lẹ́ẹ̀mejì. A ń wí nínú ọkàn wa pé ẹ̀kán méjì péré ni, pé ọkọ̀ ṣì ń dúró bí a bá tẹ̀ ẹ́, pé bí a bá rọ omi kún un a lè lọ kí a sì bọ̀. Ìyàwó wa ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó parí iyàn. Ó ní, “Bàbá Dèjì, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹ bá dá nìkan lọ, ẹ̀rù yóò bà mí. Ṣùgbọ́n ìyá yín àti àwọn ọmọ ni ẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀.” A pa iwájú ọkọ̀ dé, a wá ọkọ̀ háyà, a sì dé Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Àbúrò wa kò tújú ká sí wa títí di ọ̀sán.

Ìyá wa kò dá sí gbogbo rẹ̀ títí a fi wà nínú ọkọ̀ háyà náà. Ìgbà náà ni ó wí pé, “Nígbà tí a wà ní ọmọdé, bí omi inú àmù bá dín mọ́jú, ìyá wa kì í kọ́kọ́ rán wa lọ sí odò. Ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi kan abẹ́ àmù.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, a pe mẹkáníìkì kan tí ó mọ ọkọ̀ oníná wá sí ilé, nítorí a kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò níbi tí ó wà. Ó rí i pé họ́ọ̀sì rọ́bà tí ń gbé omi lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yìí ti yí lọ́rùn. Ẹnì kan tí ó ti tú ẹsẹ̀ náà rí ni ó dá a padà láìtọ́, ó sì ti ń ha ara mọ́ irin títí ó fi sán. Kí ó tó yọ ọ́, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun jókòó, kí ó fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì, bí ẹni tí ènìyàn ré lu ọkọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kìíní àti èkejì, omi kàn ń sun bí òógùn. Ní ìgbà kẹta, họ́ọ̀sì náà ya, omi tú jáde fọ́n ara ògiri, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì wọlẹ̀.

A dúró níbẹ̀, a kò lè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ń lo ọkọ̀ náà, jẹ́jẹ́ ni a ń tẹ bíréèkì rẹ̀, nítorí iná ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Jẹ́jẹ́ náà ni ó bo họ́ọ̀sì tí ó ti sán mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ ni ì bá ya, ọjọ́ náà kò sì ní jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ dúró sínú ọgbà. Mẹkáníìkì náà sọ fún wa pé a pín bíréèkì ọkọ̀ òde òní sí ọ̀nà méjì, kí èkejì lè ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan bá kú. A dúpẹ́ fún ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ tí ó kù sí ààbọ̀ bíréèkì yóò sáré jìnnà kí ó tó dúró, ibi tí yóò sì dúró sí lè ti kọjá ẹsẹ̀ ọmọ tí ó já sí ọ̀nà. Ó fi họ́ọ̀sì tuntun síbẹ̀, ó da omi tuntun sí i, ó so kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó sì fa afẹ́fẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iná pupa náà kú, kò sì tàn mọ́.

Nítorí ẹ̀kọ́ yìí, a kọ àwọn ohun wọ̀nyí sílẹ̀ fún àǹfààní àwọn ilé tí ó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkíní. Bí iná pupa náà bá tàn nígbà tí ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe gbọ̀n rìrì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí a fi ń sáré, kí ọkọ̀ lè fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tan iná ìkìlọ̀ fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn, ẹ sì yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí bíréèkì bá rọ̀ tí ó ń wọlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ sì lo bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé bọ́tìnì ni bíréèkì ọwọ́ rẹ̀, bí a bá di bọ́tìnì náà mú pẹ́, yóò dá ọkọ̀ dúró. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ tiyín lórí èyí kí ọjọ́ náà tó dé. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, kí ó má tún rìn mọ́.

Èkejì. Ẹ má ṣe fi okùn fa ọkọ̀ oníná lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ ń yí bá ń yí lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò máa pèsè iná, ó sì lè bàjẹ́. Orí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó tẹ́jú ni kí a gbé e sí, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ilé ni iná ti tàn, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa á, kí ó sì dá yín lójú pé ó kú, nítorí ọkọ̀ oníná kì í pariwo láti fi hàn pé ó ṣì wà láàyè. Ẹ wo omi láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ike náà. Ààrin ìlà MIN àti ìlà MAX ni ó yẹ kí ó wà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan àwọn wáyà ńlá tí ó ní àwọ̀ ọsàn, nítorí iná tí ń gba inú wọn kọjá lè pa ènìyàn. Bí iná pupa bá ń tàn kìkì ní òkè, ní gẹ̀rẹ́ tàbí ní kọ́nà, ìròhìn ni èyí náà jẹ́: omi ti súnmọ́ ìlà ìsàlẹ̀, ohun tí ó léfòó nínú ìkòkò náà sì ń sọ̀kalẹ̀ bí omi bá ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ wá ibi tí omi lọ kí ẹ tó rọ òmíràn. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo rọ́ọ̀gì tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Omi tí ó mọ́, tí kò sì yọ̀, tí ó ń kán nígbà tí a bá ti lo ẹ̀rọ atútù kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń yọ̀ ní ìka, ẹ pe mẹkáníìkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó gbé e ní ibi tí ìwé ọkọ̀ fi hàn, kì í ṣe ní abẹ́ bátìrì.

Ẹ̀karùn-ún. Bí kò bá sí jíjò, kí mẹkáníìkì wọn páàdì wò. Bí páàdì bá ti jẹ tán, títún páàdì ṣe ni yóò dá omi padà sókè. Ẹni tí ó bá ti rọ omi dé ìlà MAX ṣáájú, yóò rí i tí omi yóò kún dànù ní ọjọ́ tí a bá fi páàdì tuntun sí i, omi náà a sì máa bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Bí ó bá ta sí i, kí a fi omi lásán ṣàn án lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹfà. Nígbà tí ó bá di dandan láti rọ omi, irú èyí tí a kọ sára ìdérí ìkòkò ni kí a lò, bóyá DOT 3 tàbí DOT 4 tàbí DOT 5.1, kí a má ṣe da DOT 5 pọ̀ mọ́ wọn, nítorí ẹ̀yà mìíràn ni. Kí ìgò rẹ̀ jẹ́ tuntun tí a kò tíì ṣí. Omi yìí a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọ̀rinrin náà a sì máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ìlànà béèrè pé DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó gbóná dé 230 ní òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́ tó bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 155 ni òté rẹ̀. Omi tí ó bá hó yóò di ooru, ooru kò sì lè ti písítìnì. Nítorí náà, ọjọ́ orí ni a fi ń pààrọ̀ omi bíréèkì. Kì í ṣe ìrìn tí ọkọ̀ rìn nìkan. Ẹni tí páàdì rẹ̀ kò jẹ fún ọdún mẹ́rin lè gbàgbé pé omi rẹ̀ ti darúgbó. Ẹ tẹ̀lé iye ọdún tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ.

Ẹ̀keje, èyí sì jẹ́ ti àwọn ìyá ilé pàápàá. Májèlé ni omi bíréèkì, ó sì jọ ohun mímu lójú ọmọdé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi mímu. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tirẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé.

Àbúrò wa ti darí jì wá. Nígbà tí a fi họ́ọ̀sì tí ó ya náà hàn án, ó gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní kí ìyá wa wá gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Bàbá Dírẹ́bà kò gba owó lọ́wọ́ wa. Iṣu márùn-ún ni ó gbà, kìkì nítorí pé ìyàwó wa ni ó gbé e lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ Bàbá ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ. Bí mílíìkì bá dín nínú agolo, bí owó ọjà bá tán kí oṣù tó parí, wọn a béèrè pé, “Ta ni ó mu ún?” A a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ti rí i pé ó yẹ kí a dáhùn. Ẹ̀yin náà, bí ohunkóhun bá ń dín nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀ yín, kí ẹ tó rọ òmíràn, ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ àmù.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.